Ihò kékeré ni, iṣẹ́ ńlá ni: ẹ wá gbọ́ ti ilé ọmọ mi tó sọ̀ kalẹ̀

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án rèé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, mo sì ti pinnu pé ọjọ́ tí mo bá ti lè jókòó dáadáa láìfì sí ẹ̀gbẹ́ kan, màá sọ ọ̀rọ̀ yìí síta.

Ọdún méje ni mo fi gbé e mọ́ra. Ilé ìwẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Mo ń ṣan ìsàlẹ̀ ara, ọwọ́ mi bá nǹkan kan tó yọ sí ẹnu ojú ara, ó ń yọ̀, ó sì le díẹ̀ bíi ṣóńṣó imú. Mo tì í, ó wọlé. Mo dìde, ó tún yọrí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omi ń dà lé mi lórí, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni jẹjẹrẹ. N kò sọ fún ẹnì kankan. Odidi ọdún méjì ni ọkọ mi kò fi mọ̀; bó bá ti yíjú sí mi lóru, ó ti rẹ̀ mí nìyẹn, tàbí kí orí máa fọ́ mi.

Ẹni tí kò ṣe rí kò lè mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀ ara á fúyẹ́, nítorí èèyàn ti dùbúlẹ̀ mọ́jú. Bí ọjọ́ bá ṣe ń rọ̀ ni nǹkan náà á máa rọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á dà bíi pé mo jókòó lé bọ́ọ̀lù. Ìtọ̀ á máa gbọ̀n mí, mo bá dé ibẹ̀, kò ní tán. Ìka ni mo fi ń ti nǹkan náà padà kí ìtọ̀ tó lè jáde tán. Ẹ má bínú pé mo là á mọ́lẹ̀ báyìí. Ẹni tó ń fi ìka ṣe bẹ́ẹ̀ níkọ̀kọ̀ rò pé òun nìkan ni láyé, mo sì fẹ́ kó mọ̀ pé a pọ̀.

Dókítà obìnrin kan ló là mí lóye. Ó ní ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun ìdí, orí iṣan kan tó tẹ́ bí ẹní ni wọ́n jókòó lé, okùn ara sì tún fà wọ́n mú láti òkè. Bí ẹní bá ya, tí okùn sì dẹ̀, ohun tó wà lórí rẹ̀ á máa rọ̀ wálẹ̀. Ó wá ń bi mí léèrè: ọmọ mélòó ni mo fi ojú ara bí, ṣé wọ́n fi ẹ̀mú irin fa èyíkéyìí nínú wọn, ṣé ikọ́ máa ń bá mi jà, ṣé ìgbẹ́ máa ń le koko, ṣé nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ṣé ó ṣe ìyá mi rí. Ìyá mi! Ìgbà yẹn ni mo rántí pé màmá mi kì í jókòó tààrà, ìdí kan ló máa ń gbé lé àga. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti lọ, kò sì sọ ohunkóhun fún mi.

Ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí n máa gìn bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́, ó wọ̀n ọ́n, ó ní ìpele 3 ni nínú 4, ìpele 4 ló burú jù. Kò sọ pé kí n lọ gba abẹ lójú ẹsẹ̀ o. Ó ní kò ní pa mí, pé ìyọnu tó ń kó bá mi ló máa sọ bóyá kí á ṣe é. Mo kọ́kọ́ lo òrùka, ìyẹn rọ́bà róbótó kan tí wọ́n fi ń gbé e sókè láti inú. Òrùka àkọ́kọ́ já bọ́ sínú ṣáláńgá, mo ń wò ó tó ń lọ. Èkejì tóbi jù, ó ha mí. Ìgbà yẹn ni mo ní ó tó, ẹ ṣe é.

Wọn kò yọ ilé ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bó bá ti sọ̀, yíyọ ló kù. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi àwọ̀n oníke kan di ọrùn ilé ọmọ mú, wọ́n wá so orí kejì rẹ̀ mọ́ iwájú egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ihò mẹ́rin ni wọ́n lu sí mi níkùn, ọ̀kan nínú ìdodo, mẹ́ta yòókù kò ju kí ìka kékeré gba ibẹ̀ kọjá lọ. Kámẹ́rà gba ti ìdodo wọlé, irin iṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba ìyókù. Wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ carbon dioxide sí ikùn kó lè wú, kí ààyè lè wà, wọ́n á sì fi orí aláìsàn sísàlẹ̀ kí ìfun lè ṣí kúrò lọ́nà.

Mo jí, ọ̀fun ń dùn mí, nítorí rọ́bà tí wọ́n fi ran èémí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èjìká! Kò sẹ́ni tó sọ ti èjìká fún mi. Ikùn kò dùn mí tó èjìká ọ̀tún. Mo ní wọ́n ti ṣi ibòmíràn ṣe. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní afẹ́fẹ́ tó kù nínú ikùn ló ń tẹ iṣan èémí, ọ̀nà kan náà ni ìrora rẹ̀ bá ti èjìká rìn, kí n dìde kí n máa rìn. Ó lọ ní ọjọ́ kẹta. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀, wọ́n fún mi ní abọ́ kan kí n tọ̀ sí i, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n tún fi ẹ̀rọ wò ó bóyá ó ṣẹ́ kù. Ó tán. Mo sunkún. Ọdún mélòó ni ìtọ̀ kò ti tán lára mi!

Ibi tí mo ti ṣe wèrè ló kù. Ní ọjọ́ kejìlá, mo wo ikùn mi nínú dígí, ojú egbò mẹ́rin tó ti ń gbẹ, bíi pé kòkòrò jẹ mí. Mo ní, èyí náà ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ abẹ? Mo gbé garawa omi. Garawa kan péré. Nígbà tó di alẹ́, ẹ̀jẹ̀ dé, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi ń fà. A padà lọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Ọlọ́run yọ mí, okùn kò já. Dókítà wò mí, kò pariwo, ó ní: "Màmá, ihò kékeré la gbà wọlé. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré la ṣe níbẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá ti wúwo tó kílò márùn-ún, n kò fọwọ́ kàn án títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà fi pé.

Ẹ wá sọ tiyín o. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ èmi nìkan ni mo tú ara sílẹ̀.

Rónkẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹ kú ewu, Ìyá Ìbejì, ara á le. Garawa yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ rín ẹ, aṣọ fífọ̀ ni tèmi.

Ní tèmi, wọ́n ti yọ ilé ọmọ mi láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn nítorí kókó inú rẹ̀. Mo rò pé ẹni tí kò ní ilé ọmọ mọ́, kí ló tún kù tó fẹ́ já bọ́? Òrùlé ojú ara fúnra rẹ̀ ló ń já bọ́. Ó ń yí síta bí àpò ṣòkòtò tí wọ́n fà yọ. Wọ́n lo àwọ̀n fún èmi náà, wọ́n gbé òrùlé yẹn sókè, wọ́n so ó mọ́ egungun kan náà tí ẹ dárúkọ.

Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ṣe é. Lóru tó ṣáájú, n kò sùn, mo ń rò ó pé irin kan máa dá wà pẹ̀lú mi nínú yàrá. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Dókítà ló jókòó sí ìkangun yàrá kan náà, tó ki ojú bọ inú ẹ̀rọ tó ń fi inú mi hàn án gbàgàdà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára ohun tó fi ń darí rẹ̀. Bó bá yí ọrùn ọwọ́, irin inú ikùn á yí. Láti 2005 ni Amẹ́ríkà ti gbà kí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ obìnrin. Mo bi í bóyá ó sàn ju ti Ìyá Ìbejì lọ. Ó ní fún òun, ó rọrùn láti rán nǹkan. Fún èmi, ihò ni ihò, kí n má retí pé màá tètè san ju ẹlòmíràn lọ. Mo fẹ́ràn dókítà tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó bá mi lójijì nìyí: kí n tó ṣe é, ìtọ̀ kì í jò lára mi. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é tán, mo sín, ó jò. Mo húkọ́, ó jò. Mo ní wọ́n ti ba nǹkan jẹ́. Wọ́n ní rárá, ó ti wà níbẹ̀ látijọ́, ohun tó wálẹ̀ yẹn ló ká ọ̀nà ìtọ̀ po. Ṣé ẹ mọ rọ́bà omi tó bá ká lọ́rùn? Omi rẹ̀ kì í sáré. Wọ́n wá nà án tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó yẹ kí wọ́n ti dán an wò ṣáájú: kí wọ́n gbé nǹkan náà sókè, kí wọ́n ní kí n húkọ́. Wọn kò dán an wò fún mi. Ẹ̀yin tó ṣì ń bọ̀, ẹ béèrè rẹ̀.

Àbíkẹ́ Kò Gbàgbé

Mo ti kà á tán, inú mi sì dùn fún yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ "àwọ̀n", ara mi á bù máṣọ.

Ojú ara ni wọ́n gbà fi àwọ̀n tèmi sí, ní 2010. Wọn kò fi ihò kankan sí mi níkùn, wọ́n ní ìyẹn gan-an ló rọrùn jù. N kò ní dárúkọ ibẹ̀. Bébà tí mo fọwọ́ sí, orúkọ iṣẹ́ abẹ náà ló wà níbẹ̀, ẹnì kankan kò fẹnu sọ fún mi pé ike máa kù nínú mi títí ayé. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ mi fò dìde pé nǹkan gún òun. Nǹkan gún un lóòótọ́. Etí àwọ̀n ti la awọ ojú ara yọ síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wọ yàrá iṣẹ́ abẹ láti gé e kúrò, gbogbo rẹ̀ kò sì jáde tán, nítorí ẹran ti hù wọ inú rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá jókòó ju wákàtí kan lọ, ibì kan á máa fà mí ní itan.

Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn, kọ́kọ́ kìlọ̀ ní 2008, wọ́n tún kìlọ̀ ní 2011, ní oṣù kẹrin 2019 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n yé ta àwọ̀n tí wọ́n ń gba ojú ara fi sí fún àìsàn yìí. Ọsirélíà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú wọn. Ìkìlọ̀ 2008 ti wà nílẹ̀ nígbà tí mo dùbúlẹ̀ fún wọn! Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, mi ò fi bú yín o. Mo kàn fẹ́ mọ̀: ṣé wọ́n sọ fún yín dáadáa pé àwọ̀n ni?

Ìyá Ìbejì

Àbíkẹ́ mi, pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ gan-an ni. Wọ́n sọ fún mi. Ó tiẹ̀ fi ègé kan lé mi lọ́wọ́, ó dà bí àwọ̀n tí kòkòrò kì í gbà kọjá, àmọ́ ó rọ̀ jù ú lọ. Ó ní ti ikùn yàtọ̀ sí ti ojú ara, pé FDA kò fòfin de ti ikùn, ṣùgbọ́n kí n má rò pé òun ń sọ pé kò léwu. Ó sọ ìwádìí Amẹ́ríkà kan tó jáde ní 2013, tí wọ́n tọpa àwọn obìnrin fún nǹkan bí ọdún méje: tó nǹkan bí 10 nínú 100 ni àwọ̀n ti la ara yọ síta. Ikùn ni wọ́n là gbàràdà fún àwọn yẹn, kì í ṣe oníhò kékeré, òrùlé ojú ara ni wọ́n sì so, kì í ṣe ilé ọmọ, ṣùgbọ́n àwọ̀n ni àwọ̀n. Mo lọ ro ó fún oṣù méjì kí n tó gbà. Bí mo bá ti rí irú ohun tí o rí, mi ò rò pé mo lè gbà.

Màmá Àgbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, ọkàn mi kò lágbára, dókítà ní oorun gígùn tí wọ́n ń fi orí ènìyàn sísàlẹ̀ yẹn kò bá mi mu. Tèmi ti yọ síta tán, ó ń ha mọ́ aṣọ, ó di egbò.

Wọ́n ní ọ̀nà kan wà, èyí tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe láti 1877: wọ́n á rán ojú ara pọ̀ láti inú, iwájú mọ́ ẹ̀yìn, á di pa, ohun tó wà lókè kò ní ríbi gbà mọ́. Kò sí àwọ̀n, kò sí ihò ikùn. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n fún mi, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, mo ń dáhùn. Mo wọlé láàárọ̀, mo sùn mọ́jú, mo lọ sílé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọmọdékùnrin dókítà yẹn bi mí: "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ kò ní lè bá ọkùnrin sùn mọ́?" Ẹ̀kẹta, mo ní, "Ọmọ mi, ọkọ mi ti kú láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Ta ni ìwọ ń bá tọ́jú ẹ̀?" Àwọn nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, ojú ti ọmọ náà. Ó tọ́ kó béèrè o. Ẹni tí kò bá dá a lójú kò gbọdọ̀ ṣe é, wọn kì í tú u.

Títílayọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kò ṣe abẹ kankan, òrùka ni mo ń lò, ọdún kẹrin rèé. Mo máa ń yọ ọ́ fúnra mi lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, màá fọ̀ ọ́, màá dá a padà láàárọ̀. Ìwọ̀n ẹ̀kẹta ló tó bá mi mu. Ìyá Ìbejì, òrùka méjì péré lẹ gbìyànjú, mo kàn ń sọ ni.

Ìyá Ìbejì

O rò pé ìwọ nìkan lo sọ ọ́? Ọkọ mi náà sọ ọ́.

Ọmọ Ọdún Kan Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún kan. Wọ́n ní àpò ìtọ̀ mi ti tẹ̀ wálẹ̀, ìpele 2. Mo ka ti Màmá Àgbà, ẹ̀rù bà mí. Mo ṣì fẹ́ bímọ. Ṣé kí n lọ ṣe oníhò kékeré báyìí kó má baà burú sí i?

Rónkẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín

Àbúrò, fara balẹ̀. Ohun tí wọ́n máa sọ fún ẹ, tí dókítà rẹ bá gbọ́n, ni pé kí o bímọ tán ná, nítorí oyún àti ìbímọ lè tú ohun tí wọ́n bá so. Wá físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan ara, tó mọ̀ nípa iṣan ìdí, kó kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fún un. Fífún iṣan yẹn kì í ṣe kí o kàn máa di ìdí pọ̀ bó bá ti wù ọ́. Èmi fi oṣù mẹ́rin ṣe é lódì. Ikùn ni mo ń fún, mo tún ń ti nǹkan náà wálẹ̀ sí i! Físíò ní kí n ro ó bí ẹni tó fẹ́ dá ìsó dúró láàárín àwọn àna rẹ̀, tí kò gbọdọ̀ hàn lójú. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀.

Àbíkẹ́ Kò Gbàgbé

Fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ tí o bá fẹ́ yàgbẹ́, kí orúnkún ga ju ìbàdí lọ. Má ṣe gìn. Èyí kò ní ike nínú.

Ṣadé B.

Ẹ jẹ́ kí n yára fi tèmi kún un. Ojú ara ni wọ́n gbà ṣe tèmi, kò sí àwọ̀n, okùn ni wọ́n fi so òrùlé ojú ara mọ́ iṣan líle kan ní apá ọ̀tún ìdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìdí ọ̀tún fi ń dùn mí bíi pé ẹṣin tà mí nípàá. Ó lọ. Òrùlé kò tíì sọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, iwájú, níbi tí àpò ìtọ̀ wà, ti ń rọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bí a bá fa ti ẹ̀yìn, iwájú lè ṣí sílẹ̀. N kò kábàámọ̀, ìpele 1 ni, mo ń wò ó.

Ìyá Ìbejì, ìbéèrè mi ni pé, bí wọ́n bá wá ní kí n ṣe ti ikùn lọ́jọ́ iwájú: ihò ìdodo yẹn, ìgbà wo ló dẹ́kun rínrin?

Ìyá Ìbejì

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ṣùgbọ́n yíyún rẹ̀ ò tíì lọ. Ó ń yún mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì gbọdọ̀ ha á.